Ṣé Ká Rà Á Ni, àbí Ká Dúró?

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni mo mú wá lọ́tẹ̀ yìí.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ti ń tọ́jú owó tí àwọn àlejò ń fún wa, ká lè pààrọ̀ graphics card kọ̀ǹpútà ilé wa ní Tunga, níbí ní Minna. Òun ló ń gbé àwòrán gẹ́ẹ̀mù jáde. Tiwa ti gbó: bọ́ọ̀lù á ti wọlé kí àwòrán ẹ̀ tó dé! Ẹ̀gbọ́n mi tún ń fi kọ̀ǹpútà yẹn ya àwòrán ilé fún iṣẹ́ yunifásítì, torí náà kì í ṣe eré nìkan.

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé ká dúró, pé tí tuntun bá jáde, owó ti àtijọ́ á wálẹ̀. Òótọ́ ni, fún ẹni tó ń ná dọ́là. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. RTX 4060 jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2023, $299 ni. Oṣù yẹn gan-an ni ìjọba fi iye náírà sílẹ̀ fún ọjà láti máa pinnu. Kó tó dìgbà yẹn, nǹkan bíi ₦460 ni dọ́là kan ní báńkì. $299 á jẹ́ ₦137,540. Nígbà tí RTX 5060 jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, $299 náà ni, àmọ́ dọ́là ti kọjá ₦1,500. Ó ti lé ní ₦448,500 nìyẹn, láìka èrè ẹni tó ń tà á! Bí a ṣe ń tọ́jú owó, bẹ́ẹ̀ ló ń yọ́ bí iyọ̀.

Ọ̀rọ̀ iná tún wà ńbẹ̀. Power State ni wọ́n ń pe ìpínlẹ̀ wa nítorí Kainji, Jebba àti Shiroro, síbẹ̀ inverter la máa ń lò nílé wa. RTX 4060 ń jẹ iná wáàtì 115, 5060 ń jẹ 145. Bátìrì wa á tètè kú.

Processor ńkọ́? Ní 2022, AMD pààrọ̀ ojú ibi tí processor wọn ń jókòó sí, láti AM4 sí AM5. AM4 ni tiwa. Tí a bá fẹ́ Ryzen 7000, a máa ra motherboard àti RAM tuntun pẹ̀lú. Ryzen 5 5600 á wọ inú tiwa láìsí wàhálà.

Mo wá sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé, "Ẹ jẹ́ ká ra 4060 ní họlidé yìí, ká fi processor sílẹ̀ dìgbà mìíràn." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o ti di oníṣirò." Ó gbà.

Sùúrù dára o, àmọ́ ẹni tó bá ń fi náírà dúró gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń dúró dè.