Ẹnu Ẹ̀rọ Ìta Ọgbà

Wọ́n ti sin bàbá mi kí n tó délé. Òwúrọ̀ Jímọ̀ ni wọ́n jáde láyé, wọ́n kírun sí wọn lára lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ilẹ̀ sì ti gbà wọ́n kí wọ́n tó pe Alásárì. Calabar ni iṣẹ́ gbé mi lọ nígbà náà. Àdúrà ọjọ́ kẹjọ ni mo ń sáré lọ bá nígbà tí mo wọ ọkọ̀ ní Bẹ́gà lÉkòó, láàárọ̀ ọjọ́ Àlàmísì tó tẹ̀ lé e.

Èkó sí Ìlọrin tó nǹkan bí 300 kìlómítà. Bàbá mi mọ ọ̀nà náà bí ẹni mowó. Dírẹ́bà ni wọ́n ní Lower Niger River Basin Development Authority, àjọ tí àdúgbò wa ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ da gbogbo orúkọ yẹn sílẹ̀ fún ọlọ́kadà o. Ẹ sáà ti ní Basin. Ọkọ̀ ńlá tó ń kó páìpù ni wọ́n ń wà. Wọ́n ń ná Ejiba, níbi tí ìdídò Kampe wà, tó bọ́ sí ìpínlẹ̀ Kogi nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1991. Wọ́n sì ń ná Tada létí odò Ọya, níbi tí àjọ náà ti ń fa omi sóko ìrẹsì.

Ọ̀rọ̀ Tada kì í tán lẹ́nu wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí ère bàbà ọkùnrin kan tó jókòó, tó ti tó nǹkan bí 700 ọdún, tó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lÉkòó báyìí. Kó tó kúrò níbẹ̀, àwọn ará ìlú a máa gbé e lọ sódò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọn a fi òkúta wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, kí obìnrin lè bímọ, kí ẹja lè pọ̀. Bàbá mi á ní, "Ère ń wẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ọmọ ènìyàn wá ní òun ò rómi." Àwọn nìkan ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín sí i.

A kọjá Ìbàdàn, a kọjá Ọ̀yọ́. Lẹ́yìn Ọ̀yọ́, ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í jù wá sókè jù wá sílẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sùn mọ́. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo bẹ dírẹ́bà kó dúró kí n ra máńgòrò. Bàbá mi ò jẹ́ kọjá níbẹ̀ lásìkò máńgòrò láìrà. Nígbà tí a wà ní kékeré, bí wọ́n bá ti tú àpò náà sórí ẹní, wọn á kọ́kọ́ fi ọwọ́ tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn á yọ mẹ́rin tó rọ̀ dáadáa sọ́tọ̀. "Ti ìyá yín nìyí. Ẹ̀yin ẹ máa jà sí ìyókù." Mo fọwọ́ tẹ tèmi náà nínú ọkọ̀. Méjì péré ló rọ̀.

Ó ti ń lọ sí Alásárì nígbà tí kẹ̀kẹ́ já mi sẹ́nu ọ̀nà. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni kẹ́ẹ̀gì. Wọ́n tò ó láti ẹnu ẹ̀rọ ìta ọgbà wa títí dé ojú àgbàrá, yẹ́lò, búlúù, òmíràn ti fọ́ létí. Omi ò yọ. Kò tíì yọ láti ọjọ́ Jímọ̀.

Ọdún tí bàbá mi fẹ̀yìn tì ni wọ́n gbẹ́ borehole náà. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi lu ògiri ọgbà, tí wọ́n gba ibẹ̀ yọ páìpù sóde. Lẹ́yìn Àsùbáà àti lẹ́yìn Alásárì, wọ́n á tan jẹnẹrétọ̀, wọ́n á fa omi fún gbogbo àdúgbò. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, tí epo bẹntiróòlù di góòlù, àbúrò mi ní kí wọ́n máa gba owó lórí kẹ́ẹ̀gì. Wọ́n ní àwọn kọ́ ló dá omi.

Ààfáà tó wàásù níbi fìdáù lọ́jọ́ kejì mẹ́nu ba Olóyè Olúṣọlá Sàràkí tó kú ní 2012, bí wọ́n ṣe sábà máa ń ṣe ní Ìlọrin bí ọ̀rọ̀ ìlawọ́ bá délẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ àwọn tó máa ń lọ gba oúnjẹ ní Ilé Arúgbó rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀. Ara mi ò gba àfiwé yẹn. Sàràkí lówó, olóṣèlú sì ni. Bàbá tèmi, nínú ohun tí kò tó ilé ni wọ́n ti ń fún ará ìta, mo sì mọ̀, torí èmi ni kì í tó fún. Ọdún tí mo fẹ́ jókòó fún ìdánwò WAEC, owó ọmọ opó kan ládùúgbò ni wọ́n kọ́kọ́ san. Tèmi pẹ́ débi pé owó ìtanràn gorí ẹ̀. N kò bá wọn sọ̀rọ̀ dáadáa fún bí oṣù mẹ́ta.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo sọ ọ́ fún ìyá mi nínú yàrá tí wọ́n ti ń ṣe opó wọn, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Máńgòrò méjèèjì wà lórí àwo níwájú wọn. Wọn ò tíì fọwọ́ kàn án.

"Ta ló ní bàbá ẹ ló fún un?"

Mo wò wọ́n.

"Èmi ni. Ìyá ọmọ náà wá sunkún bá mi. Bàbá ẹ ní ká dúró kówó oṣù tó ń bọ̀ wọlé, èmi ni mo ní kí ọmọ tí ò ní bàbá ṣáájú. Nígbà tí o wá ń bínú, mo ní kí n sọ fún ẹ. Wọ́n ní kí n má sọ ọ́. Wọ́n ní kí o kúkú máa bínú sí àwọn, àwọn kì í sáà jókòó sílé, pé èmi lo máa wà lọ́dọ̀ ẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́."

Wọ́n mú máńgòrò kan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bó o.

Lẹ́yìn Àsùbáà, mo gbé kẹ́ẹ̀gì epo lọ sídìí jẹnẹrétọ̀. Ìyá mi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ń darí mi: kí n kọ́kọ́ ṣí ti ìta, kí n fi òkúta lu páìpù lẹ́ẹ̀mejì, torí atẹ́gùn máa ń há sí i. Mo lù ú. Jẹnẹrétọ̀ tàn, ó kú, ó tún tàn. Páìpù náà hó kùùkùù nínú ògiri, obìnrin kan sì pariwo láti òdì kejì ọgbà pé, "Bàbá, ó ti ń yọ o," kó tó rántí, ló bá dákẹ́.