Bí Apá Ajùbọ́ọ̀lù Bá Rẹ̀

Ní ọjọ́ 20, oṣù kẹrin, ọdún 2023, ẹgbẹ́ baseball Arizona Diamondbacks yọ orúkọ Madison Bumgarner kúrò láàárín àwọn tí yóò máa gbá bọ́ọ̀lù fún wọn. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà tí wọ́n fi dá a sílẹ̀ pátápátá. Owó tí wọ́n ṣì jẹ ẹ́ nígbà yẹn lé ní mílíọ̀nù 34 dọ́là. Wọ́n gbà láti san gbogbo rẹ̀ fún ẹni tí kò ní ju bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo fún wọn mọ́. Ní ilé wa ní Phoenix, ọ̀rọ̀ náà di iyàn ńlá láàárín èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Èmi ní ohun tó tọ́ ni wọ́n ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi ní ìwà àìmoore ni.

Mo fẹ́ sọ ìdí tí mo fi rò bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ju ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù lọ fún mi, nítorí ẹni tó ń fi apá jẹun ni èmi náà.

Fún ẹni tí kò mọ eré yìí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Ajùbọ́ọ̀lù ni ẹni tó ń dúró lórí òkìtì kékeré láàárín pápá, tó ń ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tó di igi mú níwájú rẹ̀. Bó bá jù ú dáadáa, onígi kò ní rí i gbá. Bí bọ́ọ̀lù náà kò bá mú, onígi yóò gbá a lọ jìnnà, àwọn ará tirẹ̀ yóò sáré yí pápá ká, wọn yóò sì gba ayò. Ìpín mẹ́sàn-án ni ìdíje kan ní. Fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ọdún bọ́ọ̀lù, ènìyàn 26 péré ni òfin gbà kí ẹgbẹ́ kan ní lórí ìwé. Nínú wọn, ajùbọ́ọ̀lù márùn-ún ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ìdíje, tí wọ́n á máa gbà á ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, bí apá ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún yìí bá ti rẹ̀, ẹgbẹ́ náà ti jẹ gbèsè ìdíje kan nínú márùn-ún kí wọ́n tó kúrò nílé.

Bumgarner kì í ṣe ẹni tí a lè fojú di. San Francisco Giants ló ti di olókìkí. Ọmọ ọdún 21 ni nígbà tó ju ìpín mẹ́jọ nínú World Series ọdún 2010, tí Texas Rangers kò sì rí ayò kan gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Giants gba ife ẹ̀yẹ lọ́dún yẹn, wọ́n gbà á ní 2012, wọ́n tún gbà á ní 2014. Ti 2014 ni àwọn olólùfẹ́ eré náà kò lè gbàgbé. Ó ju gbogbo ìpín mẹ́sàn-án ìdíje karùn-ún, Kansas City Royals kò gba ayò kankan. Ọjọ́ méjì péré ló fi sinmi. Nígbà tí ìdíje keje, tó jẹ́ àṣekágbá, gbóná girigiri, wọ́n tún pè é jáde. Ó ju ìpín márùn-ún tó kẹ́yìn, bọ́ọ̀lù 68, ẹnikẹ́ni kò sì gba ayò mọ́. Giants borí pẹ̀lú ayò 3 sí 2. Nínú ìpín 21 tó jù nínú World Series yẹn, ayò kan ṣoṣo ló wọlé.

Ní oṣù kejìlá ọdún 2019, Diamondbacks bá a ṣe àdéhùn ọdún márùn-ún, mílíọ̀nù 85 dọ́là. Ẹni ọgbọ̀n ọdún ni nígbà náà, ṣùgbọ́n apá tó ti ṣiṣẹ́ tó báyìí láti kékeré ti ń rẹ̀. Ó ṣì máa ń tàn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù kẹrin 2021 ní Atlanta, ó ju ìpín méje tí onígi kankan kò rí bọ́ọ̀lù rẹ̀ gbá dáadáa, àmọ́ wọn kò kọ ọ́ sínú ìwé àkànṣe nítorí ìdíje náà kò pé ìpín mẹ́sàn-án. Lẹ́yìn náà, ilẹ̀ ṣú. Ní gbogbo ìgbà tó lò ní Arizona, ó borí nínú ìdíje 15, ó sì pàdánù 32. Ní 2023, ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ló jáde. Ìpín tó jù kò pé 17, ayò 19 ni wọ́n sì kà sí i lọ́rùn. Ìgbà tó kẹ́yìn, ní St. Louis, ìpín mẹ́ta ló jù, ayò méje wọlé. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n yọ orúkọ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kò gbà. Ó ní, “Ẹ̀ẹ̀mẹrin péré! Ọdún bọ́ọ̀lù kò tíì pé oṣù kan. Ṣé ẹni tí a ń pè ní akọni lánàá la ó wá lé bí ajá lónìí?” Ó fi kún un pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, pé ó yẹ kí wọ́n fi í sílẹ̀ kó máa tọ́ àwọn ọmọdé sọ́nà. Mo ní, “Bọ̀dá mi, ẹ má bínú, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mẹrin lẹ ó wò. Ọdún mẹ́ta ló ti wà lẹ́yìn rẹ̀.” Ẹni tó pàdánù ìdíje 15 lọ́dún tó kọjá, tó sì wá bẹ̀rẹ̀ ọdún tuntun bẹ́ẹ̀, kì í ṣe oríburúkú ọjọ́ kan ló ń bá a jà.

Ohun kejì tí àwọn ènìyàn ń sọ ni owó. Wọ́n ní, ta ló máa san mílíọ̀nù 34 fún ẹni tí kò ṣiṣẹ́? Ṣùgbọ́n owó náà kò ní dín kù bó bá dúró, kò sì ní pọ̀ sí i bó bá lọ. Àdéhùn ti so ó mọ́ ẹgbẹ́ náà lọ́rùn. Bí ẹgbẹ́ mìíràn bá gbà á, owó tó kéré jù lọ ni wọn yóò san, ìyẹn 720,000 dọ́là fún odindi ọdún náà, Arizona ni yóò sì san ìyókù. Kò sí ẹgbẹ́ tó tilẹ̀ gbà á. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní omi ló dànù, agbè kò fọ́. Owó ni omi, ẹgbẹ́ náà ni agbè. Ẹni tó bá ń gbé agbè rẹ̀ kiri nínú ẹrẹ̀ nítorí omi tó ti dànù, yóò fọ́ agbè náà mọ́ ọn.

Wọn ò sì lè rọra rán an lọ sí ẹgbẹ́ kékeré kó lọ tún apá rẹ̀ ṣe, bí wọ́n ti ń ṣe fún àwọn ọmọdé. Òfin eré náà sọ pé ẹni tó bá ti lo ọdún márùn-ún lórí pápá àwọn àgbà lè kọ̀ láti lọ. Bí wọ́n bá fi í sáàárín àwọn tó ń wọlé ránni lọ́wọ́, ipò kan nínú 26 ni yóò ṣì gbà. Ẹnì kan tó ń dúró de ipò yẹn wà nísàlẹ̀, ọdún tirẹ̀ náà sì ń lọ.

Àpẹẹrẹ kan wà tí ẹ̀gbọ́n mi fi mú mi, mo sì gbà pé ó lágbára. Ní ọdún 2023 yẹn kan náà, St. Louis Cardinals ní ajùbọ́ọ̀lù kan, Adam Wainwright, ẹni tó ti lé ní 40 ọdún. Apá tirẹ̀ rẹ̀ ju ti Bumgarner lọ. Bí a bá pín ayò tó wọlé lọ́wọ́ rẹ̀ sí ìpín mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án, ó lé ní méje. Síbẹ̀ Cardinals kò lé e. Ní ọjọ́ 18, oṣù kẹsàn-án, ó ju ìpín méje sí Milwaukee Brewers, kò sí ayò kan tó wọlé, wọ́n sì borí pẹ̀lú ayò 1 sí 0. Ìdíje 200 tó borí láyé rẹ̀ nìyẹn. Ta ni yóò wo irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ tí kò ní dùn mọ́?

Ó dùn mọ́ èmi náà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó yàtọ̀. Láti 2005 ni Wainwright ti wà lọ́dọ̀ Cardinals. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ pé ọdún yẹn ni òun yóò fẹ̀yìn tì, gbogbo ènìyàn sì mọ ọjọ́ tí yóò parí. Pabanbarì rẹ̀, Cardinals kò ní ohun tí wọ́n ń lé mọ́: ìdíje 71 ni wọ́n borí, wọ́n pàdánù 91, àwọn ló kẹ́yìn láàárín àwọn ẹgbẹ́ agbègbè wọn. Ilé tí òjò ti wọ̀ tán lè fi àyè gba ijó ìdágbére. Ti Arizona kò rí bẹ́ẹ̀. Oṣù kẹrin ni, gbogbo ọdún ṣì wà níwájú, ọdún kan ààbọ̀ àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ló sì kù nínú àdéhùn. Nítorí náà, ìdáhùn mi kì í ṣe pé kí a máa lé gbogbo àgbà tí apá rẹ̀ bá rẹ̀. Bí ọjọ́ ìparí bá ti hàn, tí kò sì sí ohun tí ẹlòmíràn ń pàdánù, ẹ jẹ́ kó jó ijó rẹ̀ tán. Bí ẹlòmíràn bá ń san gbèsè ijó náà, ẹ sọ fún un kó sọ̀ kalẹ̀.

Ìdásílẹ̀ kì í sì í pa iṣẹ́ àná rẹ́. Ní 1972, ìdíje 59 péré ni Philadelphia Phillies borí, Steve Carlton nìkan ló sì ju 27 nínú wọn. Ní oṣù kẹfà ọdún 1986, ẹgbẹ́ yẹn kan náà dá a sílẹ̀. Ó fẹsẹ̀ rajà: San Francisco, Chicago, Cleveland, Minnesota, títí di 1988. Síbẹ̀, ní 1989, Phillies fi nọ́ńbà 32 tó wọ̀ pamọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà wọ̀ ọ́ mọ́. Ní 1994, ó wọ ilé àwọn akọni eré náà. Ẹ̀yẹ wà fún ohun tí ènìyàn ti ṣe. Òkìtì àárín pápá wà fún ohun tó lè ṣe lónìí.

Mo ní apá ni èmi náà fi ń jẹun. Ẹni ọdún 54 ni mí. Iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn ni mò ń ṣe: mo ń gbé wọn láti orí ibùsùn sórí àga, mo ń yí wọn padà kí ara wọn má baà di egbò. Láti ọdún tó kọjá, èjìká mi ọ̀tún máa ń dùn mí láàárọ̀. Bí mo bá gbé ìyá àgbà kan dìde, tí èjìká yìí sì kọ̀ lójijì, kì í ṣe èmi ni yóò ṣubú. Ìyẹn ni mo máa ń rò nígbà tí mo bá rí àwọn tó wà lẹ́yìn ajùbọ́ọ̀lù lórí pápá, tí wọ́n ń sáré lé bọ́ọ̀lù tí kì í ṣe àwọn ló jù ú.

Àmọ́ ìyàtọ̀ kan wà láàárín èmi àti Bumgarner, ó sì wúwo. Kò sí ẹni tó máa san owó ọdún méjì fún mi kí n lọ jókòó sílé. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ń fi agbára ṣiṣẹ́ fi ń gbé ìrora pamọ́ sábẹ́ aṣọ, tí a ń rẹ́rìn-ín, tí a ń sọ pé kò sí nǹkan kan. Àwọn agbábọ́ọ̀lù yìí ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó lágbára, tó jà fún wọn títí àdéhùn wọn fi di ohun tí a kò lè yẹ̀. Nítorí ìyẹn ni Arizona ṣe lè sọ òtítọ́ fún Bumgarner láì sọ ọ́ di alágbe. Níbi tí ẹ̀tọ́ bá wà, a kì í bẹ̀bẹ̀ fún àánú. Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ń wá, ìyẹn ọ̀wọ̀ fún àgbà, inú owó tí wọ́n san pé yẹn ló wà. Kò sí nínú pé kí wọ́n máa tì í jáde lọ́jọ́ márùn-ún márùn-ún kí àwọn ọmọdé máa na bọ́ọ̀lù rẹ̀ níṣojú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn.

Lọ́dún yẹn, Arizona borí nínú ìdíje 84, wọ́n gba ẹnu ọ̀nà kótópó wọlé, wọ́n lé Milwaukee, Los Angeles àti Philadelphia kúrò lọ́nà, wọ́n sì dé World Series kí Texas Rangers tó borí wọn. N kò ní purọ́ pé lílọ Bumgarner ló gbé wọn débẹ̀. Brandon Pfaadt, ọ̀kan nínú àwọn ọmọdé tó rí àyè jáde lẹ́yìn rẹ̀, jẹ ìyà gan-an níbẹ̀rẹ̀, wọ́n tilẹ̀ dá a padà sí ẹgbẹ́ kékeré kó tó tún gòkè. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n pàdé Philadelphia ní oṣù kẹwàá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ju ìpín mẹ́fà, ayò kan kò wọlé. Ìyà tó ń kọ́ ènìyàn lẹ́kọ̀ọ́ ni tirẹ̀, òun náà sì nílò àyè tí yóò ti jẹ ẹ́.

Mo ti bá ọmọbìnrin tó jẹ́ ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ sọ̀rọ̀. Mo ní ọjọ́ tó bá rí i pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n lára aláìsàn, kó má wo ewú orí mi, kó pè mí sí kọ̀rọ̀, kó sọ ọ́ fún mi láì fi bò. Mo sì ti ń bi í léèrè irú iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ fún ẹni tí apá rẹ̀ ti rẹ̀ ṣùgbọ́n tí ọpọlọ rẹ̀ ṣì pé.