Bọ́tìnì Tí Kò Lórúkọ

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù tó kọjá, mo jókòó sí etí ibùsùn mi láti fi owó oògùn ránṣẹ́ sí ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ohun tí mo ti ṣe láìmọye ìgbà ni. Mo ṣí áàpù báǹkì mi, mo fi ìka ra ojú fóònù bí mo ti máa ń ṣe, mo sì ń retí kí ohùn inú rẹ̀ sọ ibi tí a ti ń fi owó ránṣẹ́ fún mi. Ohun tí mo gbọ́ ni, "Bọ́tìnì tí kò lórúkọ." Mo sún ìka síwájú. "Bọ́tìnì tí kò lórúkọ." Mo tún sún un. Ọ̀kan náà ni. Wọ́n ti pààrọ̀ áàpù náà mọ́jú. Ọmọ aládùúgbò mi sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ó rẹwà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó lè rẹwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú gbogbo bọ́tìnì tuntun tó wà níbẹ̀, kò sí èyí tí ẹnikẹ́ni rántí sọ lórúkọ.

Afọ́jú ni mí. Àìsàn ojú tí wọ́n ń pè ní glaucoma ni ó gba ìríran mi nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún 16. Olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan nílùú Ìbàdàn, ohun tí ó sì jẹ́ kí n lè ṣe iṣẹ́ náà ni sọ́fítíwíà tí ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà tàbí fóònù sí etí ẹni tí ń lò ó. Screen reader ni àwọn Òyìnbó ń pè é. Akàwé ni èmi ń pè é nílé mi, bí ẹni ń pe akọ̀wé. Bí mo bá ń kọ nǹkan, òun ni ó ń sọ ohun tí mo kọ fún mi. Bí mo bá ń ka ìròyìn, ẹnu rẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ ọ.

Ní òwúrọ̀ yẹn, mo pe nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ báǹkì. Arábìnrin tó dá mi lóhùn níwà tútù. "Ẹ má bínú, sà. Ṣé ẹ rí bọ́tìnì aláwọ̀ ewé kan nísàlẹ̀?" Mo ní afọ́jú ni mí. Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ṣé kò sí ẹnìkan nítòsí tó lè bá yín wò ó?" Ẹnìkan wà nítòsí. Mo pe ọmọ aládùúgbò mi, ọmọ ọdún 15, mo fi fóònù lé e lọ́wọ́. Nígbà tó dé ibi nọ́ńbà àṣírí, ó ní, "Tíṣà, kí ni kí n tẹ̀?" Mo sọ ọ́ fún un. Ọmọ gidi ni, n kò sì rò ó sí ibi rárá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òǹkàwé mi, ta ni nínú yín tí yóò pe nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ sókè fún ọmọ ilé kejì, kí ìyá rẹ̀ tó lè rí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lò?

Àwọn ènìyàn máa ń sọ fún mi pé ayé ń sáré, pé ẹ̀rọ ìgbàlódé kò lè dúró de afọ́jú. Mo kọ̀ ọ́. Ẹni tó bá mọ ìtàn Akàwé yóò mọ̀ pé kò sí ìgbà kan tí ayé sáré tí a kò bá a sáré.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣì jẹ́ kìkì lẹ́tà lórí ojú dúdú, iṣẹ́ náà rọrùn. Lẹ́tà tó hàn lójú ẹ̀rọ ni ó wà nínú ìrántí ẹ̀rọ. Akàwé kàn ní láti mú un níbẹ̀ kí ó pè é síta. Jim Thatcher, onímọ̀ ìṣirò ní ilé iṣẹ́ IBM, ṣe irú rẹ̀ jáde ní ọdún 1986. Jesse Wright, ọ̀jọ̀gbọ́n tó tọ́ ọ sọ́nà nígbà tó ń kàwé gboyè, tí wọ́n sì jọ wá ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn náà, jẹ́ afọ́jú. Ní ọdún 1989, Ted Henter, ará Amẹ́ríkà tó ti fi ìgbà kan rí jẹ́ asáré-ìje lórí alùpùpù kí ìjàm̀bá ọkọ̀ tó gba ojú rẹ̀, gbé èyí tí wọ́n ń pè ní JAWS jáde.

Lẹ́yìn èyí ni Windows dé, ọ̀rọ̀ sì dojú rú. Àwòrán ni Windows ń yà. Lẹ́tà kò jẹ́ lẹ́tà mọ́. Ó ti di ọ̀dà lára ògiri. Ọ̀pọ̀ afọ́jú tó ti ń fi kọ̀ǹpútà jẹun ni ẹ̀rù bà pé iṣẹ́ ti bọ́. Ohun tí àwọn tó ń ṣe Akàwé wá ṣe ni pé wọ́n lọ lúgọ sí ẹ̀yìn fèrèsé náà, wọ́n ń tẹ́tí sí gbogbo àṣẹ tí a ń pa fún ayàwòrán, wọ́n sì ń kọ ọ́ sílẹ̀: ọ̀rọ̀ yìí wà lókè, ìyẹn wà lápá òsì. Ọgbọ́n yìí ni JAWS fi wọ inú Windows ní ọdún 1995. Nígbà tó yá, ní ọdún 1997, Microsoft lànà tí sọ́fítíwíà kọ̀ọ̀kan yóò fi máa fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún Akàwé pé bọ́tìnì ni mí, báyìí ni orúkọ mi. Ẹ fi èyí sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ wá síbẹ̀.

Ní ọdún 2004 ni èmi kọ́ JAWS. Owó rẹ̀ ju agbára mi lọ, nítorí náà èyí tí a fi ń dán an wò ni mò ń lò. Ìṣẹ́jú 40 péré ni ìyẹn ń fún ènìyàn. Bí ó bá pé, a ní láti pa kọ̀ǹpútà kí a tún un tàn. Iṣẹ́ àṣekágbá mi ní yunifásítì, ìṣẹ́jú 40 sí ìṣẹ́jú 40 ni mo fi kọ ọ́, bí ìjọba iná bá gbà. Ní ọdún 2006, Michael Curran, ọ̀dọ́ afọ́jú kan ní Ọsirélíà, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ NVDA. James Teh, afọ́jú bíi tirẹ̀ tí wọ́n ti mọ ara wọn ní ibùdó orin àwọn ọmọ afọ́jú, dara pọ̀ mọ́ ọn. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi í ṣe. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lò ó, mo jókòó ju wákàtí mẹ́ta lọ láìsí ohun pàtàkì tí mò ń ṣe, mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá yóò dákẹ́.

Ìyọnu mìíràn tún wà tó jẹ́ ti àwa Yorùbá. Akàwé tí mo kọ́kọ́ lò kò gbọ́ èdè wa. Bí ó bá bá "ọjọ́" pàdé, a sọ "j" nìkan, bí ẹni tó fẹ́ sín tí kò sín mọ́. Nínú ètò Unicode tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà, "ó" ní àyè tirẹ̀, "ọ" ní àyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n "ọ́" kò ní. "Ọ" ni a ó kọ́kọ́ kọ, kí a tó gbé àmì òkè lé e lórí bí ohun ọ̀tọ̀. Ohùn tí a fi èdè Gẹ̀ẹ́sì tọ́ dàgbà kò mọ ohun tí yóò fi àmì náà ṣe. Nígbà tí mo rí NVDA lò, mo wọ inú àtòjọ àmì rẹ̀, mo sì kọ ọ́ síbẹ̀ fúnra mi pé kí ó máa pe èyí ní "mí", kí ó máa pe ìkejì ní "dò". Títí di òní, bí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́ tàbí oko ni mo kọ, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ni mo ń gbọ́. Bí mo ti ṣe kọ èyí tí ẹ ń kà yìí nìyẹn.

Fóònù onígíláàsì nìkan ni mo rò pé yóò borí wa. Báwo ni afọ́jú yóò ṣe lo ohun tó tẹ́jú bí àwo, tí kò ní bọ́tìnì kankan tí ọwọ́ lè mọ̀? Ṣùgbọ́n ní ọdún 2009, Apple fi VoiceOver sínú iPhone, TalkBack sì dé sórí Android lọ́dún kan náà. Ìka kan ń rìn lójú gíláàsì, ohùn ń sọ ohun tí ìka bá. Bí ó bá jẹ́ ohun tí a ń wá, a ó gbá a lẹ́ẹ̀mejì. Mo kọ́ ọ ní ọ̀sẹ̀ kan.

Nítorí náà, Akàwé kọ́ ni ó kù lẹ́yìn ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn. Ọ̀nà tí bọ́tìnì fi ń sọ orúkọ ara rẹ̀ ti wà láti ọjọ́ pípẹ́, iṣẹ́ ìlà kan péré ni fún ẹni tó ń kọ áàpù. Ní ilẹ̀ wa, ọmọ kì í kọjá ọjọ́ kẹjọ kí ó má lórúkọ. Àwọn ẹlẹ́rọ wọ̀nyí bí ogún ọmọ lóru ọjọ́ kan, wọ́n wọ̀ wọ́n láṣọ, wọ́n kùn wọ́n lósùn, wọ́n gbàgbé ìsọmọlórúkọ. Láti ọdún 2020 ni Apple ti ń jẹ́ kí iPhone fi àròdá mọ ohun tí bọ́tìnì aláìlórúkọ lè jẹ́. Ó dára, ṣùgbọ́n n kò ní fi àròdá fi owó ránṣẹ́. Òfin tó lòdì sí fífi ìyà jẹ abirùn, tí Ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2019, fún àwọn ilé tí gbogbo ayé ń lò ní ọdún 5 láti ṣe ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ arọ yóò gbà wọlé. Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n báǹkì tèmi kò sí nínú ilé mọ́, inú fóònù ni ó wà.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo lọ sí báǹkì láti pààrọ̀ nọ́ńbà àṣírí mi. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ ní kí n sọ nọ́ńbà tuntun náà sí òun létí. Mo ní kí ó fà mí lọ síbi ẹ̀rọ, kí n tẹ̀ ẹ́ fúnra mi. Ìlà ń gùn lẹ́yìn wa, ṣùgbọ́n ó fà mí lọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, àtúnṣe dé. "Fi owó ránṣẹ́" ti ní orúkọ báyìí, bẹ́ẹ̀ náà ni "Ra káàdì ìpè". Ẹni tó ka lẹ́tà mi níbẹ̀ ṣe iṣẹ́, n kò mọ̀ ọ́n, mo kí i. Bọ́tìnì tí a fi ń jáde ni wọ́n sọ ní "Àwòrán 4", ìyẹn kò dí mi lọ́wọ́. Ìyá mi rí owó oṣù yìí gbà láti ọwọ́ mi. Àmọ́ àtúnṣe mìíràn tún ti ń dúró lórí fóònù mi láti ọjọ́ Àìkú, ó ń bèèrè pé kí n jẹ́ kí òun wọlé. N kò tíì dá a lóhùn.