Agbára Tí Mo Ní Ó "Sọnù"



Ọ̀rọ̀ ìṣe kan ṣoṣo ni kò jẹ́ kí n sùn lọ́sẹ̀ tí ó kọjá. Mo ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní àdúgbò wa ní Abẹ́òkúta túmọ̀ ẹ̀kọ́ físíìsì sí Yorùbá. (Láti 1970 tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ta ni yóò tún sọ pé èdè wa kò gba sáyẹ́ǹsì?) A dé orí kapasítọ̀, ohun kékeré tí ó ń fi iná pamọ́, irú èyí tí ó wà nínú fáànù.

Ẹ mú méjì tí ó dọ́gba, 100 máíkíròfárádì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi iná 200 fólítì sínú ọ̀kan: agbára inú rẹ̀ jẹ́ júùlù 2. Ẹ fi wáyà so ó mọ́ èkejì tí ó ṣófo. Iná náà yóò pín sí méjì láìdín; fólítì yóò di 100 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n agbára àwọn méjèèjì lápapọ̀ yóò di júùlù 1 péré. Mo kọ ọ́ pé: "Ìdajì agbára sọnù."

Ọmọdébìnrin kan bi mí pé, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, níbo ni ó sọnù sí?"

Mo ní wáyà tín-ín-rín ni ó jẹ ẹ́, pé bí wáyà bá nípọn, kò ní dín. Àṣìsọ gbáà ni.

Atúnrédíòṣe kan ní Kútọ̀ ni ó tọ́ mi sọ́nà. "Ẹ̀gbọ́n, bí wáyà bá nípọn, yóò kàn yára ni. Ìdajì yẹn yóò lọ dandan." Ó so méjì pọ̀ lójú mi: iná ta pàrà, rédíò tí ó wà nítòsí sì han. Ó ní kí n ronú nípa táǹkì omi méjì tí a fi páìpù so pọ̀ nísàlẹ̀, tí ọ̀kan kún, tí èkejì gbẹ. Omi yóò pín dọ́gba, ẹ̀kán kan kò ní dànù, ṣùgbọ́n omi òkè ti sọ̀kalẹ̀. Agbára gíga rẹ̀ ti tán sínú ìrúkèrúdò. Páìpù ńlá tàbí kékeré, ibì kan náà ni omi yóò dúró sí.

Nítorí náà, "sọnù" kò tọ́: ohun tó sọnù, a kò mọ ibi tó wà. "Ṣòfò" náà ní ẹ̀bi nínú. Mo tún un kọ: "Ìdajì agbára náà di ooru, ìmọ́lẹ̀ àti ìgbì rédíò."

Mo wá ọmọ náà lọ. Ó ní òun ti fi bíírò kọ èyí àkọ́kọ́ sínú ìwé òun.