Ẹ̀rọ Mi Parọ́ Mọ́ Òṣìṣẹ́

Obajana tí sìmẹ́ǹtì ti ń wá ni ilé wa, búlọ́ọ̀kù sì ni bàbá mi ń mọ tà níbẹ̀. Iye tí òṣìṣẹ́ bá mọ ni a fi ń san owó rẹ̀. Nígbà ìsinmi, mo to ẹ̀rọ kan pọ̀ tí yóò máa kà á. Mo ń yan kiri bí ẹni tó dá kọ̀ǹpútà!

Ẹ̀rọ ka 240. Èyí tó wà nílẹ̀ jẹ́ 203. Bàbá mi ní òṣìṣẹ́ ló ń fọwọ́ tan ẹ̀rọ jẹ. Èmi náà gbè é lẹ́yìn: ẹ̀rọ kì í parọ́. Wọ́n ní kí bàbá àgbàlagbà náà máa lọ.

Ní iléèwé ni mo tó fi oscilloscope wò ó. Ó yẹ kí iná gòkè láti òdo dé fólìtì 5, kó sì dúró. Kò dúró. Ó fò kọjá 5, ó já wá sí àárín, ó tún gòkè, bí ẹni tó wà lẹ́yìn tírélà nígbà tí dẹ́rẹ́bà tẹ bíréèkì lójijì. Bó bá ń sọ̀ kalẹ̀ náà, á rì kọjá òdo. IC tó ń kà sì ka gbígbọ̀n yẹn mọ́ búlọ́ọ̀kù. Wáyà mi gùn tó mítà 3, iná sì ń yára gòkè jù. Bó bá dé òpin wáyà, á ta padà bí omi tó kọ lu ògiri. (Irú àṣejù bẹ́ẹ̀ lè ba IC gan-an jẹ́.)

Rẹ̀sísítọ̀ 100 ohm kan, níbi tí iná ti ń gbéra wọ wáyà, ló tán an. Owó rẹ̀ kò tó ti gúgúrú.

Mo sáré lọ sílé lọ tọrọ àforíjì. Wọ́n ní bàbá náà ti kó lọ sí Kabba.