Àmàlà Ṣì Wù Wá, Owó Rẹ̀ Ni Ò Ká

Ọ̀rọ̀ kan ń jà rànyìn lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí: wọ́n ní àwa Yorùbá Sabon Gari ti di Haúsá, pé tùwó là ń jẹ lọ́sàn-án, tùwó la tún ń jẹ lálẹ́, àwọn ìyá tó ń ta èlùbọ́ ò rí tà mọ́. Ó ti ń dájà sílẹ̀ láàárín wa, la ṣe ní ká dá sí i.

Ohun tí tíṣà Economics kọ́kọ́ máa ń kọ sójú pátákó fáwọn ọmọ wa ni pé ká fẹ́ nǹkan kì í ṣe demand. Ó di ìgbà tówó rẹ̀ bá wà lọ́wọ́, tí a sì ṣe tán láti san án. Ta ni àmàlà ò wù nínú wa? Ẹ bi wá léèrè owó o, ẹ má bi wá léèrè ọkàn!

Èlùbọ́ wa kì í hù ní Kánò. Láti apá Ṣakí àti Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti ń gun ọkọ̀. Kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún 2023, lítà bẹntiróòlù ò tó 200 náírà ní Abuja. Nígbà tó fi di oṣù keje, ó ti di 617. Owó ọkọ̀ gbéra, èlùbọ́ náà tẹ̀ lé e. Àgbàdo àti ọkà bàbà ńkọ́? Ẹ̀yìnkùlé wa níbí ni wọ́n ti ń gbìn ín. Ẹni tówó iṣẹ́ rẹ̀ ò lé kọ́bọ̀, kí lẹ fẹ́ kó ṣe?

Ti omi yàtọ̀. Bí mai ruwa bá fowó lé kẹ́ẹ̀gì, a ó kùn, a ó sì san án, torí kò sóhun tí a lè fi rọ́pò omi. Èlùbọ́ kì í ṣe omi, tùwó wà nítòsí.

Ìdí nìyí tí ohun táwọn ìyá wa kan ń gbèrò fi ń bà wá lẹ́rù. Wọ́n ní àwọn á tún fowó lé e kí èrè tó lọ lè padà. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní mudu 20 lẹ ń tà lọ́sẹ̀, tẹ́ ẹ ń jèrè 200 náírà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan: 4,000 nìyẹn. Ẹ fi 100 lé e, oníbàárà sá, ó ku mudu 12: 3,600 péré. Ọjà ò tà, èrè náà tún dín.

Èyí tó ń dun àwa gan-an ni tàwọn ọmọ. Bówó bá wálẹ̀, àwa àgbà á padà sídìí àmàlà lọ́jọ́ kejì. Ọmọ tí a bí síbí, tí ò mọ adùn rẹ̀ rí ńkọ́? Kó di pọ́ọ́kú, kò ní yà sọ́dọ̀ yín. Àwọn oníwèé ní ohun tẹ́nu ń fẹ́ ló yí padà nìyẹn, kì í ṣe owó.

Torí náà, ẹ bá wa wọn ọn ní ààbọ̀ mudu fẹ́ni tówó rẹ̀ ò tó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kó ọjà láti ilé, ẹ para pọ̀ gba ọkọ̀ kan ṣoṣo. Tí iṣu tuntun bá jáde, tíyẹn náà gbẹ, ká wò ó bóyá owó á rọ̀ díẹ̀.