Láámà Kì Í Ṣe Orí Ọmọ Tuntun: Ẹ Má Fá A Kodoro!

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, òtútù ọyẹ́ ò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ilẹ̀ Bòlífíà o! Ní ẹ̀bá adágún Titicaca, tó fi nǹkan bí 3,800 mítà ga ju òkun lọ, oòrùn ọ̀sán a máa jó ni lára. Lóru oṣù Kẹfà, omi a máa dì bí òkúta. Ibẹ̀ làwọn Aymara ti ń sin láámà, ìbátan ràkúnmí tí kò ní iké.

Irun rẹ̀ lowó. Èyí tó le, okùn àti àpò ni wọ́n fi ń hun; èyí tó rọ̀, aṣọ ni.

Ọ̀nà méjì ló wà láti rẹ́ ẹ. Bí wọ́n bá rẹ́ gbogbo ara, irun á pọ̀, owó á pọ̀. Bí wọ́n bá rẹ́ ẹ̀yìn àti ikùn nìkan, tí wọ́n fi ti ọrùn àti ẹsẹ̀ sílẹ̀, owó á dín, ṣùgbọ́n ẹran á rí nǹkan fi bora.

Oṣù Kọkànlá, tí òtútù ti rọ̀ díẹ̀, ni wọ́n sábà máa ń rẹ́ ẹ. Síbẹ̀, ọlọ́gbọ́n kì í jẹ́ kí àlùmọ́gàjí kan awọ. Á ṣẹ́ irun bí ìbú ìka méjì kù. Ẹni tí ojúkòkòrò bá mú fá a kodoro, òjò òru kan péré lè gbẹ̀mí ẹran náà.

Òkú láámà kì í sì í hu irun mọ́.